Ààlè Tí Oníkòkò So

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń fi ṣòkòtò péńpé rin gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, òyìnbó ìkà kan wà tí gbogbo àwa ọmọdé fẹ́ràn. Inú sinimá la ti mọ̀ ọ́n. Ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun ni olórí àwọn jàǹdùkú etí òkun kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní àwọn ni wọ́n bí síbẹ̀, àwọn ló nilẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá já àwọn ará Aílándì tí ebi lé kúrò nílé sílẹ̀, á kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde, wọn á lù wọ́n, wọn á da ẹrù wọn sómi. Opó kan tí ìkà náà pa ọkọ rẹ̀ ló gbẹ̀san lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí a wo sinimá náà, ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú mi bi ọkùnrin tó ń túmọ̀ fún wa pé, "Òyìnbó ló ń lé òyìnbó? Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká wòran."

Aṣáájú àwọn géńdé àdúgbò wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jù wá lọ dáadáa. Kò pẹ́ tó fi wá ìkòkò tábà kan, tó ń fi í sẹ́nu láìsí tábà nínú rẹ̀. A sọ ọ́ ní Oníkòkò, ó sì dùn mọ́ ọn.

Nígbà yẹn, àwọn Ùróbò ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé wa, lọ́nà Ìjagun. Wọ́n ń gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, wọ́n ń kọ ẹyìn, wọ́n sì ń tẹ epo nínú ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi. Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ dáa ju tèmi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oníkòkò kó àwọn géńdé lọ síbi ẹkù bàbá ọ̀rẹ́ mi. Ẹyìn tí wọ́n ti sè wà nínú rẹ̀. Ó gbé igi dábùú rẹ̀, ó so ààlè mọ́ igi náà: ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, bàtà tó ti ya. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ààlè. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan yẹn. Ẹni tó so ó nìkan ló sì lè tú u. Oníkòkò ní, "Ilẹ̀ bàbá wa nìyí. Ẹ máa lọ sílé yín." Ìyá ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹyìn náà jẹrà síbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì kó o lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Inú bí àwọn àgbà àdúgbò wa. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìdílé ọ̀rẹ́ mi padà, wọ́n ní kí wọ́n gé ààlè náà dànù. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kọ̀. "Ẹni tó so ó ni yóò tú u." Ó gbẹ́ ẹkù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó kú, ó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé òun náà kò gbọdọ̀ gé e.

Ẹ̀san tí wọ́n gbà nìyẹn. Ẹni tó bá wá ra epo á béèrè pé kí lèyí, ọ̀rẹ́ mi á sì sọ ẹni tó so ó, á sọ ilé wọn. Nígbà tí Oníkòkò fẹ́ joyè, àwọn àgbà ní kó lọ tú ààlè ná. Ojú tì í. Ó kó lọ sí Èkó. Láti Èkó ló bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó pè mí láti ibẹ̀ lórí fóònù. "Àbúrò, àwọn kan dá mi dúró lójú pópó. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Mo fẹ́ wá kú sílé. Ṣé nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Lọ́dún tó kọjá ló dé, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo mú un lọ síbi ẹkù náà. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba gbogbo oko náà, àfi ọ̀pẹ díẹ̀ tó yí ẹkù ká. Ọ̀rẹ́ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tú u."

Oníkòkò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Èmi kọ́ ni mo so èyí."

"Ẹ̀yin lẹ so ó!"

"Okùn ọ̀rá nìyí. Nígbà tèmi, ibo la ti rí ọ̀rá?"

Tipẹ́tipẹ́ ni okùn àtijọ́ ti jẹrà, tòun ti àkísà àti ṣùkù. Ọ̀rẹ́ mi ló ń pààrọ̀ wọn káwọn èèyàn má bàa gbàgbé. Gbogbo wa mọ̀, a ò sì rí aburú kan nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń kọjá, ó kúnlẹ̀ kí wa. "Ẹ̀yin bàbá, kí ni wọ́n so síbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀rẹ́ mi lanu láti sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ó wo Oníkòkò. Ó ní, "Ààlè ni. Èmi ni mo so ó."

Ó dìde. Ó fi ìka gbìyànjú, okùn náà kò gbọ́. Eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló fi tú u.

Ẹkù ṣófo. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ti ń wọnlẹ̀. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí lọ́nà Amẹ́ríkà, àwọn yẹn kan náà ló sì ń fi àlejò ìlú wa ṣe yẹ̀yẹ́. Lóde òní, orí fóònù la ti ń kọ ọ́ pé kí ẹnìkan máa lọ sílé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kì í forúkọ sí i. Lọ́jọ́ tó bá rẹ gbogbo wa, ta la ó pè kó wá tú ààlè yẹn?