Fúyẹ́fúyẹ́ àti Àwòrán Àbíkẹ́yìn Wa

Ẹ má dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tí mo bá ti ń jẹun. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Fúyẹ́fúyẹ́, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i bíi pé oyè ni wọ́n fi í jẹ. Ohun tó bá ti wúwo, ọ̀tá ẹ̀ ni. Ó gé lára ẹsẹ̀ tábìlì ìyá wa torí pé ó ní ó wúwo láti sún kiri, àtìgbà náà ni tábìlì yẹn ti ń mì bí eyín tó fẹ́ ká. Tó bá ń jáde nílé, kámẹ́rà àti kọ́kọ́rọ́ kan péré ló ń mú dání. Tí òjò bá wá dé, agboòrùn tèmi ni yóò gbà.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò, yàrá kan tí aṣọ funfun pín sí méjì. Òun ló ń ya àwòrán níwájú. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́yìn, nídìí ẹ̀rọ tó ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹni tó ń tẹ àwòrán, àwòrán ńlá ló fẹ́, torí ohun tí kò bá sí nínú àwòrán, ẹ̀rọ ò lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Fúyẹ́fúyẹ́ ní tiẹ̀, kékeré ló mọ̀. Tó bá ti ya ayẹyẹ ẹnì kan tán, yóò kó gbogbo àwòrán ẹ̀ sínú fódà kan, yóò pa àṣẹ kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà á sì dín gbogbo wọn kù lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè tètè wọ fóònù àwọn èèyàn, kí wọ́n má sì jẹ dátà. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí nìyẹn. "Ká tó ṣẹ́jú, tiẹ̀ ti dé!" làwọn oníbàárà máa ń wí.

Ìyẹn ò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, á tọ́jú èyí tó tóbi, á wá dín ẹ̀dà yẹn kù. Fúyẹ́fúyẹ́, ojúlówó gan-an ló ń dín kù. Kékeré á gba ipò ńlá, ńlá á lọ pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè pè é padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó dín in kù."

"Ká wá máa ru ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ìwọ náà ò rò ó."

"Ọjọ́ kan ń bọ̀ o."

"Jẹ́ kó máa bọ̀. Ẹni tó fúyẹ́ ló ń rí ọ̀nà sá."

Á wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Tí wọ́n bá ń fi ta èèyàn lọ́rẹ, mi ò ní gbà á.

A ní àbúrò kan, obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa. Kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun rárá. Tó bá ti fojú kan kámẹ́rà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ó ti bá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbé omi wá fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, Fúyẹ́fúyẹ́ ń dán iná tuntun wò, ó sì yà á kó tó mọ̀. Ọ̀ọ́kán ló wà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn dára. Nígbà tí mo fà á tóbi lójú kọ̀ǹpútà, mo rí àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀, níbi tó ti ṣubú lu ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

"Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ mí, màá fà á ya," ló wí fún mi. "Ẹ jẹ́ kí n sanra díẹ̀ ná."

Kò sanra. Àìsàn mú un, ó sì gbé e lọ ká tó mọ orúkọ tí àìsàn náà ń jẹ́.

Ojú ìyá wa ti ń ṣú bọ̀ tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà, pé ohun tí wọ́n bá ṣì lè rí, kí wọ́n yáa wò ó dáadáa. Nǹkan kékeré ti kúrò lójú wọn. Fóònù ò ju iná lásán lọ fún wọn. Àfi ohun tó bá tóbi, tí wọ́n sì súnmọ́ ọn tímọ́tímọ́. Wọ́n pè mí wọ yàrá wọn.

"Ọmọ mi, bá mi tẹ àwòrán àbúrò rẹ. Kó tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi pátápátá."

"Màámi, ẹ ti rí i gbà."

Mo fọwọ́ sọ̀yà! Mo ra bébà tó fẹ̀ jù lọ, mo nu ẹ̀rọ títí ó fi ń dán, mo wá ṣí fódà ìdílé wa. Yéè! Gbogbo ẹ̀ ti di wínníwínní. Àbúrò mi wà lórí àpótí ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo fà á tóbi, ojú ẹ̀ di onígun mẹ́rin mẹ́rin bíi táìlì ilé ìwẹ̀.

Mi ò tíì béèrè tí mo fi mọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí tó wà lókèèrè ń béèrè àwòrán lórí fóònù. Fúyẹ́fúyẹ́ kó gbogbo fódà wa, ó pa àṣẹ ẹ̀. Torí pé fóònù ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti gbó, ó tiẹ̀ dín in kù ju ti oníbàárà lọ.

Mo fa aṣọ funfun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ! Kí lo fi àwòrán ọmọ yìí ṣe?"

Ó yíjú. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò pè é ní ìwọ rí.

"Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Àwòrán dà?"

"Ó wà níbẹ̀ kẹ̀."

"Ojú ẹ̀ dà?"

Ó wá wò ó. Ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo ní inú mẹ́mórì kámẹ́rà ńkọ́? Ó ní òun ti nù ún, òun sì ti ya ìgbéyàwó lé e lórí.

"Ṣé mẹ́mórì tó kéré ju èékánná lọ náà wúwo lọ́rùn ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ó ń gbé e sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì. "Kí ẹbí lè rí i ni mo ṣe ṣe é. Gbogbo wọn ló dúpẹ́."

"Ìyá tó bí i ńkọ́? Òun náà dúpẹ́?"

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kò tọrọ àforíjì. Ẹ̀yìn mi ló gbà. Ó gbé àwòrán kékeré yẹn fún ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tó ń sọ kékeré di ńlá, tó ń fi àbá dí àlàfo ohun tí kò rí. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì ní òdìkejì títì, ó ní kí wọ́n fi férémù igi sí i. Ìgbà tí mo dé ilé, ó ti gbé e ti ògiri yàrá Màámi, ó tó ilẹ̀kùn lóòótọ́. Ojú tó wà nínú ẹ̀ ń dán, eyín tò létòlétò. Ta nìyí?

Màámi súnmọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́ kan bébà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n padà sókè. Wọ́n tún wò ó.

"Ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Ọmọ ta ni?"

"Màámi, ọmọ yín ni," Fúyẹ́fúyẹ́ dáhùn.

"Àpá ẹ̀ dà?"

Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ wọn. "Wá jókòó. Ìwọ lo yà á, ìwọ lo fi kámẹ́rà wò ó. Sọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpá yẹn."

Ó jókòó. "Ó wà... ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún..."

Ó wò mí. Mo mọ ibi tí àpá náà wà. Mo kọjú sí ògiri. Ó yọ fóònù ẹ̀, ó ń fi ìka méjì fẹ ojú àbúrò wa, ó ń fẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan.

"Fi fóònù yẹn sílẹ̀," ni Màámi wí. "Ojú òsì ni àpá ẹ̀ wà. Ọmọ ọlọ́mọ lo gbé wá bá mi. Gbé e jáde."

Ó dìde, ó di férémù náà mú. Igi gidi ni, ó ń wúwo. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde, òógùn ti bò ó. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "ẹ ru ẹrù yín."