Ọjọ́ tí Mo Há sílé Oníjó Òòyì

Afẹ́fẹ́ abẹ́ aṣọ wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ ni, tó máa ń ṣí bí agbòjò nígbà tí wọ́n bá ti ń pòòyì. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa fẹ́ lù mí lójú pẹ̀lú òórùn tùràrí. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ká orúnkún mọ́ àyà, nítorí bí mo bá na ẹsẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, ẹni tó ń yí á tẹ̀ mí. Ẹnu ọ̀nà wà ní òdì kejì. Láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà yẹn, ọkùnrin márùn-ún ń yí bí òkòtó, bàbá mi sì ń bọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí mo ti ní kí ó dúró dè mí.

Mẹ́kà ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń kọ́ èdè Lárúbáwá àti òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì. Ọdún kẹrin mi ni, mo sì ti gbọ́n dé ibi tí mi ò rí ẹni tó tún lè kọ́ mi. Mo ti kọ àròkọ kan lórí ijó òòyì àwọn súfí, àwọn Mùsùlùmí tó ń fi síkírì àti orin wá Ọlọ́run, ojú ìwé méjìdínlógún gbáko, tí mo fi là á yé ayé pé àdádáálẹ̀, ohun tí Ànábì kò fi lélẹ̀, ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ wa yìn mí. Kò béèrè bóyá mo ti fojú ara mi rí ijó náà rí, èmi náà ò sì bi ara mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ tuntun ni mo ní nígbà yẹn, gbogbo ayé ni mo sì ń fi í hàn.

Ìmọ̀ yìí náà ni mo gbé délé nígbà ìsinmi tó ṣáájú. Télọ̀ ni bàbá mi, ó sì wà lára àwọn àgbà tó máa ń jókòó yí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ká lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n á máa ṣe síkírì títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, gbogbo ilé ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá. Mo dúró ṣánṣán, mo sálámà, mo na ọwọ́ sí i. Mo ní Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní Mẹ́kà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pòṣé. Bàbá wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n gé kù, lẹ́yìn náà ó gbà á. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ọ̀nà dára?" Kò tún mẹ́nu bà á títí mo fi padà. Mo rò pé mo ti borí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bá mi jà.

Nígbà tí bàbá wá ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà, mo sọ fún un lórí fóònù pé kí ó jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ wá máa wọ bọ́ọ̀sì wọn lọ sí Mẹ́kà, èmi fúnra mi ni màá wá pàdé rẹ̀ ní Jẹ́dà, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń balẹ̀ sí. Kò gbọ́ Lárúbáwá ju èyí tó fi ń kírun lọ, fóònù rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ibi tí ẹ bá ti jáde, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má kúrò. Màá ti dé kí ẹ tó dé." Mo fẹ́ kó rí i pé ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀ náà mọ bàbá tọ́jú.

Ilé ẹnjiníà kan ni mo dé sí ní àdúgbò Hindawíyà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ń ṣiṣẹ́ àdéhùn ní Jẹ́dà. Òun ló fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Bí a ṣe ń jẹun ọ̀sán, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ààfáà, ìwọ tó o kọ̀wé bú àwọn oníjó òòyì, ṣé o ti rí wọn rí?"

Mo ní kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ májèlé kó tó mọ̀ pé májèlé ni.

"Bàbá ará Tọ́kì kan wà ládùúgbò ibí, wọ́n ń ṣe é nílé rẹ̀ lónìí lẹ́yìn Alásárì. Aago márùn-ún wọ́n á ti parí."

"Aago mẹ́fà ni bàbá mi máa balẹ̀."

"Ṣebí aago márùn-ún ni mo ní. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ kó má lọ dùn mọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dìde. Mo tiẹ̀ mú ìwé pélébé kan àti bírò dání, kí n lè máa kọ àṣìṣe wọn sílẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba fóònù gbogbo wa sínú apẹ̀rẹ̀ kan, nítorí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fídíò. Bàbá arúgbó tó nilé dúró, ó ń kí àwọn àlejò. Ẹnjiníà tẹ̀ ba, ó fẹnu kan ọwọ́ rẹ̀. Èmi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gírígírí, mo sì la gbogbo pálọ̀ ńlá náà kọjá lọ síbi tó jìn jù, kí n lè rí gbogbo wọn dáadáa. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ rọra jókòó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Wọ́n ka Kùránì. Wọ́n kọrin yin Ànábì títí, orin náà kò sì yára rárá. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Aago ògiri wà lókè ilẹ̀kùn, mò ń wò ó. Aago márùn-ún lù, wọn ò tíì dìde. Nígbà tí ó kọjá ogún ìṣẹ́jú ni àwọn oníjó tó bọ́ aṣọ dúdú tí wọ́n fi bora. Mo wo ẹnjiníà lókèèrè, mo tọ́ka sí aago. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe fún mi pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ dìde. Bàbá ará Sùdáànì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

Ó fi Lárúbáwá sọ ọ́ sí mi létí: "Jókòó, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kì í la àárín wọn. Ẹni tó bá là á kọjá ti já àdúrà gbogbo ilé."

"Bàbá mi ń bọ̀ ní pápákọ̀."

"Òun náà wà nínú àdúrà náà."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo jókòó padà.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tí ewú ti wà nínú irunmú rẹ̀, rìn lọ bá bàbá tó nilé, ó tẹ̀ ba títí fìlà gíga orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàbá náà lórúnkún. Ará Sùdáànì ní, "Ọmọ rẹ̀ ni." Mo yára ṣí ìwé pélébé mi, ohun tí mo wá wò gan-an nìyẹn. Àmọ́ bí ọmọ ṣe tẹ̀ ba ni bàbá náà tẹ̀ ba fún un padà. Ìyẹn kò sí nínú àròkọ mi. Bírò wà lọ́wọ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan.

Ni wọ́n bá ń yí. Aago mẹ́fà lù, wọ́n ń yí. Òógùn bò mí láìjó. Mo ń rò ó pé bóyá kí n fò láàárín wọn kí n sì sá, àmọ́ ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹlòmíì. Mo mọ bàbá mi. Bí mo bá ti ní kó má kúrò, kò ní kúrò, ì báà jẹ́ òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ohun tí mo ní kí ó ṣe ló ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń retí lọ́wọ́ mi, tí kò tiẹ̀ fẹnu béèrè, mo torí ìwé kíkà fi dù ú. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ijó náà ló pa mí lẹ́kún o, ìtìjú ni, àti ìbẹ̀rù. Ará Sùdáànì rò pé ẹ̀mí ti gbé mi, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Alahu, Alahu." Mi ò lókun láti já a ní koro.

Ìpè ìrun Mọ̀gàríbì ló dá wọn dúró. A kírun, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹnjiníà sì wa mọ́tò náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lábẹ́ àwọn òrùlé funfun gìrìwò tó dà bí àgọ́ ní pápákọ̀ yẹn, èrò ti tán. Bàbá mi nìkan ló jókòó lórí báàgì rẹ̀, aṣọ ìhárámì funfun méjì lọ́rùn àti nídìí rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Èjìká rẹ̀ kan tó wà níta ti rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìbínú kín ni? Ibi tó o ní kí n jókòó sí ni mo jókòó sí."

Mo ń lọ sílẹ̀. Àyà mi kò tíì kanlẹ̀ tí ó fi gbá mi mú nígùn-únpá, pẹ̀lú agbára tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì ní.

"Dìde, dìde! Má ṣe é níbí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ níwèé nìyí. Bí olùkọ́ rẹ bá rí ọ ńkọ́?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ fi mí pamọ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ọwọ́ ni kó o bọ̀ mí."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá lò ní Misfálà, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, nínú yàrá kan tí àwọn mẹ́fà jọ wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa méjì nìkan ṣẹ́kù síbẹ̀, tí mo lè ti ilẹ̀kùn kí n sì dọ̀bálẹ̀. Mi ò ṣe é. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí mo kọ̀ ní gbangba, kò yẹ kí n ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tí mo bá délé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó pòṣé. Àbá tó dára ni lójú mi. Ṣùgbọ́n ìsinmi kò tíì dé tí wọ́n fi pè mí láti ilé, wọ́n ní bàbá kírun Asùbáà tán, ó padà lọ dùbúlẹ̀, kò sì jí mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ilé ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéú tí wọ́n gbọ́n bí mo ṣe gbọ́n nígbà náà. Wọ́n a máa bi mí bóyá ó tọ́ kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ fún wọn lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà mo máa ń bi wọ́n bóyá bàbá wọn ṣì wà láyé.

Ẹ̀yìn ilé wa ni ibojì bàbá mi wà. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè lọ bá a báyìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀sìn ti ní kí n má dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, nítorí a kì í forí balẹ̀ fún ibojì. Lórí èyí, èmi àti àwọn olùkọ́ mi àti bàbá mi fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò yàtọ̀ síra. Bí mo bá lọ síbẹ̀, mo máa ń sálámà sí i, mo máa ń tọrọ àforíjì fún un lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìdúró ni mo máa ń wà, ṣánṣán, bí mo ṣe dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.