Plọ́gìn Olówó Gọbọi àti Ogún Àpò Pọ̀tétò

Obìnrin kan tó ń ta pọ̀tétò ní ọjà Farin Gada ni mo kọ́ ìkànnì fún, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó lè máa fi fóònù ra ọjà, kí wọ́n sì sanwó kí ọkọ̀ tó gbéra ní Jos. Ó dàgbà jù mí lọ. Àǹtí ni mo ń pè é. Jos ni wọ́n bí i, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ tó láti kí ènìyàn àti láti bú u. Hausa ló fi ń ṣe ìyókù. Malam, ìyẹn olùkọ́, ló ń pè mí, kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀ ló wà níbẹ̀.

Plọ́gìn ni ẹ̀rọ kékeré tí à ń so mọ́ ìkànnì kí ó lè gba owó àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ń rajà. Ti ọ̀fẹ́ wà. Àǹtí ní kí n lò ó. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì ni mo ṣàlàyé fún un pé ohun ọ̀fẹ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ra olówó gọbọi, èyí tí òyìnbó mẹ́rin ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán ìpolówó rẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè rí. Mi ò dán an wò. Mo rò pé owó ti bá mi dán an wò.

Àǹtí gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Nígbà tí dillali, alágbàtà tó ń bá wọn wá oníbàárà lọ́jà, wá béèrè pọ̀tétò ọ̀sẹ̀ náà, Àǹtí ní kó máa lọ, ìkànnì ló ni ogún àpò yẹn. Òjò sì ń rọ̀. Pọ̀tétò inú àpò kì í dúró de ẹnikẹ́ni lásìkò òjò.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ẹnì kan kò rà. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń mú ọjà, wọ́n á dé ibi àdírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á sá. Mo gbìyànjú láti ra àpò kan fúnra mi. Plọ́gìn ní kí n kọ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò mi, kó ní òǹkà márùn-ún géérégé. Mẹ́fà ni ti Nàìjíríà, mi ò sì tí ì pàdé ẹni tó mọ tirẹ̀ lórí ní Anglo Jos tí mò ń gbé. Mo kọ mẹ́fà, ó kọ̀. Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ó kọ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n ní mo ṣeyebíye lójú wọn, kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Mo kọ òmíràn. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú tiwọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní àtúnṣe ń bọ̀, kí n san owó ọdún mìíràn kó lè kàn mí.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo fa tiwọn tu, mo fi ti ọ̀fẹ́ sí i. Ó ṣiṣẹ́ kí n tó mu tíì mi tán. Ṣùgbọ́n pọ̀tétò ti ń jẹrà, àwọn àpò ti ń ṣomi.

Àǹtí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ dillali. Ọkùnrin náà tẹ àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú méje ní iye tó wù ú, ó sì béèrè bóyá ìkànnì yóò ra ìyókù. Èmi ni Àǹtí yíjú sí.

"Ká ṣòkòtò rẹ sókè, ọ̀mọ̀wé. Ṣa èyí tó ṣì le sọ́tọ̀."

Mo ká a. Nínú àpò mẹ́tàlá, èyí tó le kò kún méjì.