Ọjọ́ Tí Marlys Gbé Ilé Sọdá Odò

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Marlys ti fi jókòó sí apá ọ̀tún nínú ilé onítáyà ọkọ rẹ̀, tó ń gbọ́ pé kò sí ohun tó rọrùn bí ọkọ̀ wíwà. Ilé náà ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí èèyàn ń wọ̀ bí ẹni ń wọ ṣòkòtò tó fún. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni àyè fún obìnrin ní ìdí sítíárìn. Lorne, ọkọ rẹ̀, ti ta katakata fún gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wọn ní Saskatchewan, ó sì gbà pé ẹni tó ta katakata nìkan ló mọ ohun tí táyà ń rò. Marlys ní tirẹ̀, irun ló ń gẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Lorne a máa yìn ín pé kò gé ẹnikẹ́ni létí rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, lójú ìrìn àjò wọn, níbi tí wọ́n sùn sí ní Eagle Plains ní ìhà àríwá jíjìn tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tí kò wọ̀ láti àná ń ràn sí wọn lójú. Marlys gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí tábìlì.

"Èmi ni màá wà á lónìí."

"Dé ibo?"

"Dé òdìkejì odò Peel. Bí mo bá gbé e wọ fẹ́rì tó ń gbé ọkọ̀ sọdá odò, tí mo gbé e jáde, tí kò fara ha níbì kankan, èmi ni màá wà á títí a ó fi délé. Bó bá fara ha, mi ò ní bèèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́ láyé."

Lorne rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ta ọjà fún ní ọ̀pọ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tíì parí. O ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà. Ọ̀rọ̀ kan péré, mo ti borí."

"Ẹnu mi ti di."

Ẹnu náà di títí kọfí fi tán nínú ife. Marlys ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń fò sókè bí ẹja inú àwọ̀n. Ojú ọ̀nà Dempster ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ gbogbo, àwọn òkè sì tò ní ọwọ́ ọ̀tún bí ẹran tó ń sinmi. Orin tó ti kọ nígbà tó wà lọ́mọge ni ó ń kọ, ó ṣì í, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni Lorne yíjú sí Gus, ajá wọn, tó ń sùn.

"Gus, ṣé o rí tírélà tó ń bọ̀ yẹn? Ajá tó bá lọ́pọlọ, ó yẹ kó ti rọra báyìí, kó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́."

Marlys ti rọra kí Gus tó gbọ́. Tírélà náà rọra pẹ̀lú, kí òkúta má bàa fọ́ gíláàsì ẹnikẹ́ni, dírẹ́bà rẹ̀ sì gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn. Marlys gbé tirẹ̀.

"Ó kí mi," ni Marlys wí.

"Gbogbo èèyàn ló ń kí."

"Lorne, ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lo ń sọ ṣáájú yẹn?"

"Ajá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òfin wo ló ní kí baálé ilé má bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Ó dáa. Bá mi bẹ Gus kó bá ọ pa ẹnu mọ́."

Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n jẹ pirogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n di ànàmọ́ sínú rẹ̀, tó yí nínú bọ́tà, ẹ̀fọn sì jẹ àwọn náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò Peel.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Òkúta tí wọ́n kó jọ ni èèyàn ń gbà wọ fẹ́rì, ó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ débi pé ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá gùn, ìdí náà a máa wọ́lẹ̀. Lorne ò lè jókòó mọ́. Ó ní òun ń lọ fi ọwọ́ júwe fún un láti inú fẹ́rì, pé ọwọ́ kì í ṣe ẹnu. Bó ti wọlé ni tírélà kan tó ru irin tẹ̀lé e, fẹ́rì kún, ó sì gbéra. Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohun tí Lorne ń wí lọ. Ní òdìkejì, Wilbert tó ń darí ọkọ̀ wọ fẹ́rì ní kó bọ́ sílẹ̀ kó dúró de ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí fẹ́rì padà, Wilbert wá bá Marlys lójú fèrèsé.

"Màmá, ọkọ yín ní kí n sọ fún yín pé…"

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà ni?"

"Òun ni, mà."

"Má sọ ọ́."

"Ó gùn náà, mi ò rántí ìdajì ẹ̀. Ojú mi ni kẹ́ ẹ máa wò."

Marlys wo ojú rẹ̀. Ó gbé ilé náà lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, táyà kan lẹ́yìn èkejì. Ilé tẹ̀, abọ́ ń jó, Gus jí. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ wọ fẹ́rì, nǹkan kan dún gbì. Wilbert bẹ̀rẹ̀, ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, ó sì na àtàǹpàkò sókè pé kò sí nǹkan. Páànù pirogi ló bọ́ lórí sítóòfù.

Ní òdìkejì, Lorne dúró gbagidi láàárín ọ̀nà tó gun òkè, ó ń ju apá méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ẹni bá tẹ bíréèkì níbẹ̀, àárín òkúta ni yóò sùn. Marlys ò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ fèrè ọkọ̀, Lorne fò sínú ẹrẹ̀, ilé sì gòkè.

Lókè, ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ìdí ilé náà láti ìkángun dé ìkángun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lorne dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tí òrùka já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ẹrẹ̀."

"Ẹrẹ̀ kì í ṣe ìfaraha."

"Mo mọ̀." Ó dìde, ó gbọn ara. "Ilé jìn o, Marlys. Ó jìn gan-an."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Lorne yí lọ sí apá ọ̀tún, ó gòkè, ó de bẹ́líìtì. Marlys bèèrè bóyá kí wọ́n sùn sí Fort McPherson, ìlú tó wà níwájú, ni àbí kí wọ́n máa lọ.

"Dírẹ́bà ni kó sọ," ni Lorne wí.

Dírẹ́bà ní kí wọ́n máa lọ.