Omi Búlúù Lẹ́yìn Ilé Wa

Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Bódìjà ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo ríṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ọgbà wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi kì í jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan omi yẹn. Mo rò pé ejò ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Nígbà tí òórùn odò náà wá ń wọ yàrá bá wa, àwa mélòó kan ládùúgbò kó ara wa jọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá níṣẹ́. Ní gbogbo Sátidé, a ó wọ bàtà òjò, a ó kó ọ̀rá àti ike kúrò nínú omi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ni olórí wa. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà èmi ni mò ń kọ lẹ́tà, èmi ni mò ń dìde nípàdé àwọn onílé.

Ẹnu mi yìí ni mo fi dójú ti ìyá kan tó ní ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, lókè odò. Níṣojú gbogbo onílé, mo ní, "Ìyá, ẹ rọ́ èèyàn sínú ilé bí eèrà, ẹ wá ń da ìgbẹ́ wọn sí wa lára."

Ìyá náà ní, "Kòtò ìgbẹ́ mi, sókàwé mi, dára. Ẹ wá wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi tó jókòó níwájú pàtẹ́wọ́ fún mi.

Olórí wa ló mú àbá búlúù wá, búlúù tí àwọn oníjọ aláṣọ funfun fi ń ṣan sùtánà wọn. A ó pò ó kó ki, a ó dà á sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó da omi púpọ̀ lé e, àwọn kan yóò sì máa ṣọ́ etí odò. Bí odò bá yí àwọ̀, a ti mú ilé náà nìyẹn. Àwọn onílé fárígá. Ni mo bá ní ká fi ilé wa ṣáájú, kójú lè ti àwọn yòókù. Mi ò tiẹ̀ bi bàbá mi.

Bàbá mi ti lọ kí àbúrò wọn ní Móníyà láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dà á. Ìyá mi rí mi pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì búlúù, mo ṣàlàyé.

"Dúró de bàbá rẹ."

"Màmá, kò ní pẹ́ rárá."

Wọ́n jókòó sí àtẹ̀gùn ilé ìdáná.

Mo da búlúù, mo da omi lé e, mo sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sétí odò. Bí àwọn tó ń ṣọ́ odò ṣe dúró tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ògiri wa ló kọ́kọ́ já mi láyà. Lábẹ́ ewé kókò tó bo ẹsẹ̀ ògiri wa, páìpù kan tó nípọn tó itan mi ń pọ omi búlúù sódò. Mo wò ó títí. Ọpọlọ mi kọ̀, kò gbà á. Mo ní bóyá ilé mìíràn ló da tiẹ̀ lákòókò kan náà.

Ìyá onílé akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n káwọ́ gbera. Mo ń retí èébú. Wọ́n yíjú sí àwọn èèyàn, wọ́n ní, "Ó tó. Ẹ yé wo ọmọ náà bẹ́ẹ̀."

Mo wọlé. "Màmá, ẹ mọ̀?"

"Mo ṣebí o mọ̀ ni. Bó o ṣe ń bá gbogbo ayé jà lórí odò yẹn, mo ní o fẹ́ fi bo ilé wa láṣìírí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju páìpù lọ. Ìyá tó bí mi rò pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀!

Bàbá mi máa ń fọ́nnu pé ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ kò wọ ọgbà àwọn rí. Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án, wọ́n ṣí fìlà.

"Nígbà tí à ń kọ́ ilé yìí, àpáta la bá nílẹ̀, sókàwé ò ṣeé gbẹ́. Bíríkìlà ní ká ṣì fi páìpù sí i ná."

"Bàbá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi nípàdé!"

"Ọ̀rọ̀ rẹ wú mi lórí ni. Bó o ṣe ń sọ ọ́, mo gbàgbé pé a ní páìpù náà."

Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì, mo lọ fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá onílé akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi mí sórí ìkúnlẹ̀ fúngbà díẹ̀. "Dìde. Wá da búlúù sí tèmi." A dà á. Odò ò yí àwọ̀.

Láàárín oṣù yẹn, bàbá mi dí páìpù pa, àwọn afọ́kùúta sì lu àpáta iwájú ilé wa títí wọ́n fi rí ibi gbẹ́ sókàwé. Onílé mẹ́ta ló fúnra wọn wá jẹ́wọ́ fún olórí wa pé páìpù wà lẹ́yìn ilé tiwọn náà. Mo ṣì ń lọ sódò ní Sátidé, mo ń kó ọ̀rá. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, màá dìde, màá tún jókòó.