Ihò Tí Sàrátù Dí

Jìnnìjìnnì ni Sàrátù fi tún ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọ́ ní Ẹdẹ, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí páànù ilé adìẹ tí Ìyàndá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, òjò sì pa èyí tó pọ̀ nínú àwọn adìẹ náà. Ejò wá gba ihò ìṣàn omi wọlé, ó kó ìyókù jẹ. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ohun ọ̀sìn Ìyàndá.

Nígbà tí àgbébọ̀ yìí wá pa ọmọ méje, oorun dá lójú Sàrátù. Ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ìsàlẹ̀ ilé adìẹ náà yí ká, ó fi wáyà sí òkè rẹ̀, ó kan páànù tuntun, ó tún gbé òkúta lé e. Ó po sìmẹ́ńtì, ó fi dí ihò ìṣàn omi pa. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Nítorí àṣá, ó fi okùn so ẹsẹ̀ ìyá adìẹ mọ́ òpó inú ilé náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí àwọn ọmọ má baà rìn jìnnà.

Ọ̀gbẹ́ni Daniel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yọjú láti ilé kejì.

"Ìyá Fawziyah, ṣé ilé adìẹ lẹ kọ́ ni àbí ọgbà ẹ̀wọ̀n?"

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, Tíṣà. Ojú mi ti rí nǹkan."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ojú ọ̀run ṣú dùdù, òjò dé tìbínútìbínú. Sàrátù dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ilé adìẹ. Páànù ò ṣí. Wáyà ò já. Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín ló rí i pé omi àgbàlá ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ilé adìẹ, kò sì síbi tí yóò gbà jáde.

Ó rántí okùn.

Ó fa ọkọ́ yọ, ó bọ́ sínú òjò láìwọ bàtà. Omi ti mu ìyá adìẹ dé àyà, ó ń fò, okùn ń fà á padà. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́ta ń léfòó, wọn ò mira mọ́. Omi ti mú kí okùn náà le, kò ṣeé tú, eyín ni Sàrátù fi já a. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí sìmẹ́ńtì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, ó ń fi ọkọ́ lù ú. Tíṣà gbọ́ ariwo, ó sáré wá bá a fọ́ ọ, omi sì ya jáde.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, Ìyá Fawziyah. Ó ti tán."

Sàrátù ò dìde. Ó gbá ìyá adìẹ mọ́ àyà, ó ń sunkún.

"Ejò kọ́, Tíṣà. Àṣá kọ́. Èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀."