Àwọn Àgbá Epo Ẹ̀yìn Ọgbà Iná ní Ìkẹ́rẹ́

Epo inú tíráńsífọ́mà ni ìyá Bọ́sẹ̀dé fi ń para orúnkún láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ gan-an ló sì ń gbé e wá fún un. Ọmọ náà ni olórí ẹ̀ka ìdáàbòbò àyíká ní iléeṣẹ́ iná mànàmáná ńlá kan lónìí. Nígbà tí mo ń wí yìí, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwa tí à ń tún wáyà àti ẹ̀rọ ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, kí n tó di akọ̀ròyìn pátápátá.

Àṣà wa ni. Bí a bá ti tú tíráńsífọ́mà, oníkálukú a rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Àwọn àgbà ní ó ń lé làkúrègbé. Àwọn mìíràn fi ń dín àkàrà, nítorí kì í tètè gbẹ. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ lọ sílé, ahun ni ẹbí ń pè é.

Wọ́n wá rán Bọ́sẹ̀dé lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ìbàdàn. Olùkọ́ kan níbẹ̀ sọ pé májèlé lè wà nínú epo ẹ̀rọ àtijọ́, pé ó ń gba ara awọ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bọ́sẹ̀dé sọ fún mi pé òun kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rùn-Èkìtì, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, ló kọ́kọ́ gbà lọ nígbà tó dé, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà bi í bóyá ó ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbé e fún.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀gá wa pàṣẹ pé kí a lọ da àwọn àgbá epo àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà sí etí odò, nítorí àwọn ará orílé-iṣẹ́ ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò. Bọ́sẹ̀dé ní kí ẹgbẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Kì í ṣe ọ̀gá là ń bẹ̀rù. Àwọn aládùúgbò tí a ti fún ní epo ni. Alága ẹgbẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Wáyà, rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Bí ìlú bá gbọ́, ta ni yóò gbà pé a kò mọ̀?"

"Bàbá, omi odò yẹn ni wọ́n ń mu," ni Bọ́sẹ̀dé dáhùn. "Ṣé ẹ fẹ́ kí á tún fún wọn lẹ́ẹ̀kejì ni?"

A daṣẹ́ sílẹ̀, a jókòó ti àwọn àgbá náà. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò kó wọn. Mo ṣí ìwé mi lé ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọ̀gá mú lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ dání, ó ní ẹni tó bá dìde báyìí, òun kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni méjì dìde.

Ìgbà náà ni ọ̀kadà gbé ìyá Bọ́sẹ̀dé dé. Ó ká ìró sókè. Awọ orúnkún rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń bó. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́:

"Ọmọ mi ló gbé e wá ulé fún mi. Ó ti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti bẹ̀?"

Awakọ̀ akẹ́rù wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á lọ lófìfo.

A borí, wọn kò dà á sódò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Wáyà, wọ́n sì gbé Bọ́sẹ̀dé lọ sí òkè Ọya, níbi tí kò mọ ẹnì kankan. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa àyíká, tó fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Gbèsè tó kù lọ́rùn àwa yòókù ni pé a kò jẹ́ kí wọ́n da epo náà, a kò sì rántí sọ pé kí wọ́n kó o lọ. Ẹnì kankan nínú wa kò ti ojúlé dé ojúlé lọ kìlọ̀. Èmi náà fún àbúrò ìyá mi nínú epo náà, n kò sì sọ fún un títí ó fi kú.

Àwọn àgbá náà ti dípẹtà, wọ́n ń jò. Ní oṣù tó kọjá, iléeṣẹ́ Bọ́sẹ̀dé lẹ ìwé mọ́ ògiri ọgbà náà. Òun ló fọwọ́ sí i. Wọn yóò kó àgbá lọ lẹ́yìn òjò. Wọn yóò yẹ omi kànga àwọn ilé tó yí ibẹ̀ ká wò, kí ẹnikẹ́ni má sì mu nínú rẹ̀ títí èsì yóò fi dé. Ìwé náà kò sọ ọjọ́ tí èsì yóò dé.